Eruku Tó Ń Rìn Lórí Yìnyín

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ẹṣin mẹ́sàn-án ilé Sagynbek ti dàwátì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Kunduz ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sí yàrá ìkàwé ìlú Kochkor, ó fẹ̀yìn ti páìpù omi gbígbóná tó ń mú yàrá náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń nu eruku.

Kì í ṣe eruku orí tábìlì. Eruku inú àwòrán ni. Syrgak ló ya àwòrán náà, ọkùnrin tó ń gun òpó iná fún ìjọba. Kámẹ́rà rẹ̀ ti la ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó kan tirẹ̀, eruku sì ti ráyè wọ inú rẹ̀ débi pé gbogbo àwòrán tó bá yà ló máa ń ní tóótòòtó dúdú, bí ẹni pé eṣinṣin ṣu sí i. Ó ti kọ ọ́ sórí pépà pélébé kan, ó so ó mọ́ fíláàṣì tí ó gbé fún wọn: “Ẹ má bínú. Mẹ́ta ni mo yà lórí òkè Boz-Kapchal lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan gbọọrọ, kí ẹ sì bá mi nu eruku ojú wọn. Ẹni tí tiẹ̀ bá mọ́ jù ló borí.”

Bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn mẹ́rin ni. Bí ẹ bá ka ológbò yàrá ìkàwé mọ́ wọn, wọ́n di márùn-ún. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á gbé àwòrán kalẹ̀ ní tútù, gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà. Fíláàṣì kan ló ń gbé e kiri láàárín wọn, nítorí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wúwo ju ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì ìlú náà lè gbé lọ. Oníkálukú á fi Gimp, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tún un ṣe bó bá ṣe wù ú. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọn á tan iṣẹ́ wọn sára ògiri, wọn á sì ka gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí i, ìgbésẹ̀ kan ò gbọdọ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn á dìbò. Egungun kókósẹ̀ àgùntàn, irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré nílẹ̀, ni ìbò wọn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní, wọn á sì gbé e síwájú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wù wọ́n jù.

Òfin ẹgbẹ́ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́: má fi ohun tí o ṣe pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì: má fọwọ́ kan ojúlówó àwòrán, ẹ̀dà rẹ̀ ni kó o tún ṣe. Kalys Agay ló gbé òfin náà kalẹ̀, olùkọ́, ìyẹn agay lédè wọn, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ìdajì ìlú náà ní físíìsì kó tó fẹ̀yìn tì.

Kunduz ò tíì borí rí. Egungun kan ṣoṣo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ láti ìgbà ìrúwé, àánú ni Kalys Agay fi ṣe é. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe, wákàtí mẹ́ta ni yóò gbà á. Á sún àwòrán mọ́ra títí ewé kan á fi tóbi tó ilẹ̀kùn, ni yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ewé náà: ta ló jókòó sábẹ́ rẹ̀ rí, afẹ́fẹ́ wo ló fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọkàn rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ ewé kankan. Ó wà lọ́dọ̀ báàgì.

Láàárọ̀, bàbá rẹ̀ ti gbé báàgì aláwọ̀ búlúù ńlá kan sọ̀kalẹ̀ látorí àpótí aṣọ.

“Bàbá, báàgì kí lẹ gbé sílẹ̀ yẹn?”

“Ti ìrìn àjò. Àbúrò mi láti Mọsíkò ní wọ́n ń wá àwọn tí á máa kó yìnyín kúrò lójú títì.”

“Ẹ̀yin? Ẹ fẹ́ lọ máa fi ṣọ́bìrì kó yìnyín? Ṣé èyí tó ń bọ́ lé wa lórí níbí ò tó yín ni?”

Ó rò pé á rẹ́rìn-ín. Sagynbek ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń fọwọ́ nu eruku orí báàgì náà.

“Kunduz, darandaran tí ò lẹ́ran, kí ni wọ́n ń pè é? Ẹṣin mẹ́sàn-án kì í ṣe abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú koríko. Olè ti kó wọn gba ojú títì lọ. Ilẹ̀ ọ̀la bá ti ṣú, yìnyín ńlá á bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà òkè á sì dí títí di ìgbà ìrúwé. Ibi tó parí sí nìyẹn.”

Lọ́jọ́ karùn-ún tí ẹṣin sọnù, òun ló sáré wọlé pé òun rí wọn létí odò. Bàbá rẹ̀ gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin débẹ̀, màlúù aládùúgbò ló bá. Láti ọjọ́ náà, tí Kunduz bá ti la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin, Sagynbek á rọra mi orí bí ẹni ń gbọ́ àlọ́.

Kunduz padà sídìí àwòrán.

Ẹni tó bá fẹ́ so àwòrán mẹ́ta pọ̀ ní láti tẹ́ ọ̀kan lé èkejì lórí, bí ìgbà téèyàn tẹ́ ẹní lé ẹní. Á wá sọ ti òkè di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ lè hàn, á sì máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí àpáta á fi jókòó lórí àpáta, tí òpó iná á fi wọnú òpó iná. Kunduz sún un, ó sún un. Nígbà tí òkè méjèèjì bá ara wọn mu tán, gbogbo eruku ojú àwòrán di méjì-méjì, ọ̀kan níbí, ìkejì lọ́hùn-ún, bí nǹkan ṣe ń rí lójú ọ̀mùtí.

Ìyẹn ò yà á lẹ́nu. Eruku kì í bá òkè gbé, inú kámẹ́rà ló ń gbé. Bí kámẹ́rà bá yí sápá ọ̀tún, eruku á bá a yí. Òkè nìkan ló máa ń dúró síbi tó wà.

Ó mú irinṣẹ́ tí wọ́n ya báńdéèjì sí, èyí tí wọ́n fi ń wo ojú àwòrán sàn. Ó pa eruku kan rẹ́, ó pa èkejì, ó pa ìkẹtà. Ó dé ìsàlẹ̀ òkè, lápá òsì, níbi tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bo koríko. Eruku mẹ́jọ kóra jọ síbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò tó hóró ọkà. Ó gbé ọwọ́ sókè kó tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mẹ́jọ ni wọ́n. Wọn ò di méjì-méjì.

Ó gbé àwòrán òkè kúrò, ó tún gbé e padà. Mẹ́jọ lábẹ́, mẹ́jọ lókè, wọ́n jókòó lórí ara wọn géérégé bí àpáta ṣe jókòó lórí àpáta. Ó fa àwòrán kẹta wọlé, èyí tí Syrgak yà lẹ́yìn tó ti mu tíì tán tí ìkùukùu ti kúrò lójú oòrùn. Mẹ́jọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti kúrò láàyè rẹ̀, ó ti sún mọ́ àwọn yòókù.

Irú eruku wo ló ń rìn?

Ó mú fóònù kó pe bàbá rẹ̀, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Mẹ́jọ. Ẹṣin tiwọn, mẹ́sàn-án ni. Bó bá tún wá di màlúù ńkọ́? Bó bá tún rí i tí bàbá rẹ̀ mi orí báyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mọ̀ pé báàgì búlúù yẹn á kún kó tó di alẹ́.

Aago mẹ́ta lù. Àwọn ẹgbẹ́ dé. Kalys Agay gbé borsok tó ṣì gbóná wá nínú abọ́, àkàrà kéékèèké tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dín. Syrgak gbọn yìnyín kúrò lára bàtà. Meerim, tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ọgbà ìlú, ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe,” ni Meerim wí, “kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti pàdánù.”

Àwòrán rẹ̀ tàn sára ògiri. Ó dùn-ún wò lóòótọ́: òkè, ojú ọ̀run, yìnyín, kò sí àbàwọ́n kan.

“Ó mọ́ bí abọ́ tí ìyàwó tuntun fọ̀ lójú ìyá ọkọ,” ni Kalys Agay wí. Syrgak ti ń mú egungun jáde nínú àpò.

“Syrgak Baike, ẹ ní sùúrù,” ni Kunduz wí; ẹ̀gbọ́n ni baike lédè wọn. “Ó ku tèmi.”

Ó gbé tirẹ̀ sí i. Meerim na ọrùn wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

“Yéè! Kunduz, ṣé oorun ló gbé ẹ lọ ni? Mẹ́jọ rèé lápá òsì tó ń wò wá bí ojú ẹja! Àbí o lọ jẹun nígbà tó kù díẹ̀?”

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni.”

“Ó mọ̀ọ́mọ̀! Ẹ gbọ́ o, ìdọ̀tí náà ti di àrà.”

“Meerim, jẹ́ kó ka ìgbésẹ̀ ẹ̀,” ni Kalys Agay wí, àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀. “Òfin lòfin.”

Kunduz mú ìwé rẹ̀. Ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ àwòrán kìíní lé èkejì. Ó sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó mú òkè bá òkè mu. Eruku mọ́kàndínlógún di méjì-méjì, ó pa gbogbo wọn rẹ́. Mẹ́jọ ò di méjì. Nínú àwòrán kẹta, ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà ti rìn.

Kalys Agay dẹ́kun jíjẹ.

“Tún ìyẹn kà.”

Ó tún un kà.

“Kámẹ́rà yí,” ni bàbá àgbà náà wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó padà síwájú pátákó ìkọ̀wé, “eruku mẹ́jọ tìrẹ yìí ò bá a yí. Syrgak, kí ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹjọ?”

“Agay, ó ti pẹ́ o.” Syrgak dìde, ó rìn dé ibi ògiri, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yìnyín tó wà níbẹ̀. “Ohun tó ń bá òkè gbé, orí òkè ló wà. Kì í ṣe eruku. Yéè, Kunduz! Àwọn ẹṣin yín!”

“Mi ò mọ̀. Mẹ́jọ ni mo rí. Mẹ́sàn-án ni tiwa.”

“Jẹ́ ká wò ó nínú ojúlówó tèmi, bóyá á…” Syrgak nu ètè. “Mo ti fi èyí tí mo nù rọ́pò ojúlówó. Lórí fíláàṣì náà pẹ̀lú.”

“Syrgak! Òfin kejì!”

“Mo mọ̀, Agay.”

“Èmi náà,” ni Meerim wí, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo ń kánjú ni. Agay, tiyín wá ńkọ́?”

Kalys Agay wo ológbò, ó wo fèrèsé, ó wo abọ́ àkàrà. “Àyè ló tán nínú kọ̀ǹpútà mi,” ló wí.

Ẹ̀rín bú jáde, kódà Kunduz rẹ́rìn-ín. Òun nìkan tó ń fà bí ìgbín, tí kì í parí nǹkan, ló ṣì ní àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe jáde nínú kámẹ́rà. Gbogbo àwọn yòókù ti fọwọ́ ara wọn nu ẹṣin kúrò lórí òkè.

Meerim fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kunduz. Bí ó ṣe máa ń ṣẹ̀fẹ̀ tó nì, kò sẹ́ni tó mọ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán tò bíi tirẹ̀ nínú wọn.

“Gbé ojúlówó wá. Bó o ti ń wá dúdú lórí funfun, dúdú lo máa rí. Ṣé gbogbo ẹṣin yín ló dúdú?”

Kunduz yíjú sí i. “Abo kan wà tó funfun.”

“Ọ̀rẹ́ mi, wá bí mo ṣe wí. Mú ìlà tó ń darí ìmọ́lẹ̀ yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, apá tó funfun jù nìkan. Fà á wálẹ̀. Rọra. Rọra! Ṣé o fẹ́ fà á já ni?”

Yìnyín orí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ó kọ́kọ́ di àwọ̀ wàrà, ó di àwọ̀ eérú, àwọn kòtò tí kò hàn tẹ́lẹ̀ yọ lójú rẹ̀. Nígbà náà ni ohun kan yọ, lápá ẹ̀yìn àwọn mẹ́jọ, ó funfun ju yìnyín lọ díẹ̀ báyìí, òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ológbò fò sórí tábìlì.

“Mẹ́sàn-án,” ni Kunduz wí. Ó tún un wí, ó pariwo rẹ̀, títí ìyá tó ń tọ́jú ìwé ní yàrá kejì fi béèrè pé ṣé iná ń jó ni.

Sagynbek dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀ dé orúnkún, ojú rẹ̀ le.

“Kalys Agay, ẹ ṣeun. Kunduz ní ẹ fẹ́ rí mi lórí ọ̀rọ̀ eruku kan.”

“Jókòó, Sagynbek.”

“Agay, òdo lẹ fún mi ní físíìsì. Bí ẹ bá ṣàlàyé fún mi, kò ní yé mi.”

“Mo rántí òdo náà, ó tọ́ sí ọ. Má wulẹ̀ wá físíìsì. Wo ògiri.”

Sagynbek wò ó. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo òun náà. Ó wò ó pẹ́, ó ṣí fìlà, ó dì í mú níwájú àyà. Kò wo bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe rí, nítorí kò sí ojú tó lè rí ẹsẹ̀ tàbí gọ̀gọ̀ nínú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dúró ló ń wò.

“Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́,” ló wí níkẹyìn. “Akọ pupa ló dá dúró lókè yẹn, ó ń ṣọ́nà. Ìyá wọn, funfun, ló wà lẹ́yìn. Kì í jẹ́ kí ọmọ kankan wà lẹ́yìn òun.” Ó nàka sí wọn. “Bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn. Ẹṣin mi nìyẹn. Àfonífojì wo lèyí?”

“Ẹ̀yìn Boz-Kapchal,” ni Syrgak wí.

“Ilé àwọn ìyá Kunduz!” Sagynbek fọwọ́ lu itan. “Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi abo funfun yẹn ta wá lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó kó gbogbo ilé lẹ́yìn, ó lọ kí ìyá ẹ̀! Èmi wá ń lé olè kiri ojú títì. Ṣé ọ̀nà òkè ò tíì dí báyìí?”

“Kò tíì dí, Sagynbek Baike. Ìṣẹ́gun ni mo gun òpó níbẹ̀.” Syrgak fi ìka kan àwòrán. “Ẹ wò ó, òpó kọkànlélógójì rèé. Wọn ò ju ìwọ̀n ìrìn ìdajì wákàtí lọ sísàlẹ̀ ẹ̀. Tí a bá gbéra ní ìdájí ọ̀la, a ó ṣíwájú yìnyín.”

“Èmi náà ń lọ,” ni Kunduz wí.

Gbogbo wọn rò pé bàbá rẹ̀ á kọ̀. Sagynbek yíjú sí i. Kò mi orí lọ́tẹ̀ yìí.

“Ta ni ì bá tún fọ̀nà hàn wá?” ló wí.

Ní ìdájí, wọ́n gun ẹṣin aládùúgbò mẹ́ta gòkè. Báàgì búlúù ńlá náà wà lẹ́yìn Sagynbek. Kunduz rí i, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó tẹ àwòrán náà sórí pépà, ó gbé e sínú àyà aṣọ rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti yà, á fà á yọ, á wo àpáta, á wo òpó, á sì nàka. Wọ́n ka òpó náà bí ọmọdé ṣe ń ka igi ọgbà: ogójì. Ọ̀kan sí i. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Àfonífojì ṣófo. Yìnyín, koríko gbígbẹ, afẹ́fẹ́. Kunduz wo pépà, ó wo ilẹ̀. Ibí gan-an ni.

“Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn àwòrán nìyí,” ni Syrgak wí jẹ́jẹ́. “Ẹṣin kì í dúró dè wá.”

Sagynbek sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó gbé báàgì Mọsíkò sílẹ̀, ó fa ẹnu rẹ̀ yà. Kò sí ẹ̀wù nínú rẹ̀, kò sí bàtà. Iyọ̀ ló kún un, òkúta iyọ̀ pupa ńláńlá tí ẹran ń lá. Ó mú méjì, ó kọ wọ́n lu ara wọn, ó súfèé. Ó tún kọ wọ́n lu ara wọn.

Láti ẹ̀yìn àpáta, orí funfun kan yọ.

Ó wò wọ́n. Ó gbọn etí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn mẹ́jọ yòókù tẹ̀ lé e, yìnyín ń fọ́n sókè lábẹ́ pátákò wọn bí ìyẹ̀fun, ilẹ̀ ń mì. Sagynbek ṣí apá méjèèjì. Kunduz rí bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń sunkún, tó ń pe ìkọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ àwọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń kọ lu òkè, òkè ń dá a lóhùn. Kunduz fúnra rẹ̀ ń pariwo, kò mọ ohun tó ń sọ. Syrgak, àgbàlagbà ọkùnrin, ń jó láàárín yìnyín.

Yìnyín ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ Kochkor ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà tó yá dé ilé wọn kò gba iwájú yàrá ìkàwé, ṣùgbọ́n Sagynbek gba ibẹ̀. Ó jókòó lórí ẹṣin gágáàgá bí ọba, ẹṣin mẹ́sàn-án ṣíwájú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì jáde síta láti wo ìran. Kalys Agay àti Meerim ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí Syrgak ti pè wọ́n.

“Àwòrán dà?” ni Meerim kígbe. “Kunduz! Ẹṣin mẹ́sàn-án ń sáré bọ̀ nínú yìnyín, o ò wá ya ẹyọ kan?”

“Okùn ni mo dì mú!”

“Ọmọ yìí á pa mí. Ó rí ìfun inú eèrà, kò rí kámẹ́rà!” Meerim sáré wọ ojú títì, ó ki ọwọ́ Kunduz mú, ó fi egungun mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: tirẹ̀, ti Kalys Agay, àti èyí tí Syrgak fi sílẹ̀ fún un lánàá. “Gbà. Má sọ pé àánú ni o.”

Lẹ́yìn wọn, aṣọ fàya. Abo funfun náà ti ki orí bọ báàgì búlúù, ó ń wá iyọ̀ tó kù ní ìdí rẹ̀, ó sì ti fi eyín ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sagynbek wò ó. Kò gbà á kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Syrgak,” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lórí ẹṣin, “ya ìyẹn fún mi.”

Syrgak gbé kámẹ́rà onídọ̀tí rẹ̀ sójú. Yìnyín ń já bọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ láàárín òun àti wọn. Nígbà tí àwòrán náà jáde, tóótòòtó kún un láti igun dé igun, funfun àti dúdú. Ó ti wà lára ògiri yàrá ìkàwé láti ìgbà náà, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn.